Ìpolówó Ọjà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Orúkọ Ẹni Tó Ń Tà Á

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ní Gumani, Tamale)

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán wa lónìí ni pé kí a ṣàlàyé bí a ṣe ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ ọjà kí ẹni tí kò rí wa rí lè rà á, àti bí oníṣòwò ṣe ń ní orúkọ níbẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti ń ṣe é tipẹ́, ẹ ó bá wa fi kún un. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde. Ìdajì ohun tí a máa sọ, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ti ẹ̀yìn wá. Àwọn bàbá wa tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn wá sí òkè Gold Coast, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mú owó kankan wá. Ọmọ ìlú wọn tó ti wà níbí ló ń gbà wọ́n sílé, òun náà ló ń dúró fún wọn lọ́dọ̀ ẹni tó ní ọjà nílẹ̀, kí wọ́n tó lè gba ẹrù láwìn láti kiri. Ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan, Jerry Eades, ṣe ìwádìí lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Gánà yìí, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1993. Ẹni tó bá rí i, kó kà á, ọ̀rọ̀ ilé wa ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nígbà náà ni pé, "Ọmọ ta ni?" Bí a bá ti mọ ilé ẹni, àwìn á yá. Bí ẹnì kan bá sì jẹ gbèsè tó sá lọ, gbogbo ilé wọn ni ojú máa ń tì.

Lẹ́yìn náà ni 1969 dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjà tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá kó jọ di gbàǹjo ọjọ́ mẹ́wàá. Àwìn tó wà níta kò ṣeé gbà mọ́. Owó tó ṣòfò ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣòfò. Orúkọ tí bàbá kan fi ogún ọdún ní nínú ọjà Tamale, ẹnu àwọn ará Tamale ló wà. Kò sí ibi kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí tí ó lè mú dání lọ fi han oníṣòwò ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì fi kún òwò, lójú tiwa, nìyẹn gan-an: orúkọ tí a kọ sílẹ̀. Ní September 1995, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Pierre Omidyar ṣí ọjà gbàǹjo kan sórí kọ̀ǹpútà, èyí tó di eBay lẹ́yìn náà. Lára ohun tí ó kọ́kọ́ tà níbẹ̀ ni iná lésà kékeré, irú èyí tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sí ojú pátákó. Ó ti bàjẹ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ẹnì kan rà á ní dọ́là 14.83. Ó ya Omidyar lẹ́nu, ó kọ̀wé sí ẹni náà pé ṣé ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́? Ẹni náà ní òun mọ̀, èyí tó ti bàjẹ́ ni òun ń kó jọ. A fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí àwọn ọmọ wa tó gbà pé àléébù ọjà ni ohun tí a gbọ́dọ̀ fi pamọ́.

Kò pẹ́ tí aáwọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà. Ní February 1996 ó dá ibi kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí olúkúlùkù ti lè kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnì kejì, rere tàbí búburú, kí gbogbo ayé lè kà á. Ìjẹ́rìí yìí ló wá gba ipò onígbọ̀wọ́. Ṣé ó ní owó nínú? Paul Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán an wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2006. Wọ́n mú àwọn káàdì alàwòrán àtijọ́ tó jọra ní méjì méjì. Wọ́n ta ọ̀kan lábẹ́ orúkọ oníṣòwò tó ti ní ìjẹ́rìí púpọ̀, wọ́n ta èkejì lábẹ́ orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Oníṣòwò kan náà ló ni méjèèjì. Ìyàtọ̀ owó tí àwọn olùrà fẹ́ san jẹ́ ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ṣírò owó tiwa: lórí ọjà 1,000 sídì, orúkọ nìkan lè mú nǹkan bí 81 sídì wá.

Níbí ní Gánà, gbàǹjo gidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò wọ́pọ̀. Jiji, tí ó ti Nàìjíríà wá, ra OLX ti Gánà ní 2019, ó sì ra Tonaton ní 2022. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Facebook àti WhatsApp ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló sábà ń lo eBay. Ibi yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ méjì kan náà ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kọ àti orúkọ tí a ní.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kíkọ, àkọlé ni ká sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ó máa ń tẹ ọ̀rọ̀ kan ni. Bí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ kò bá sí nínú àkọlé yín, kò ní rí yín, bí ọjà yín tilẹ̀ dára jù ti gbogbo ènìyàn. Ẹ wo ẹ̀wù tí wọ́n ń hun, tí wọ́n ń rán níhìn-ín. Ará Tamale á pè é ní fugu, ará Kùmásí á pè é ní batakari, ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì á tẹ smock. Ọjà kan, orúkọ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrí: àwọn Àkàn ń pè é ní nkuto, òyìnbó á tẹ shea butter, Yorùbá tó wà ní Peckham sì lè tẹ "ori" láìfi àmì kankan sí i. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú àkọlé. Lẹ́tà 80 ni eBay gbà fún àkọlé, ó sì tó. Ohun tí kò yẹ kó gba àyè níbẹ̀ ni "Ó dára gan-an" àti "Ẹ yára o". Kò sí ẹni tó jí láàárọ̀ tó ń wá "ẹ yára o".

Lórí àwòrán, a kò ní pẹ́. Ẹ ya ọjà yín fúnra yín, ní ìta, láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Ẹ má lọ gbé àwòrán ẹlòmíràn láti orí Google. Oníbàárà tó bá ti rí àwòrán náà níbòmíràn kò ní pè yín láéláé. Ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya inú, ẹ ya àléébù náà fúnra rẹ̀ kó hàn kedere. Bí ọjà bá kéré, ẹ gbé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ bó ti tóbi tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àlàyé abẹ́ àwòrán ni ọ̀pọ̀ kò kà sí. Ní ìsọ̀, ọwọ́ oníbàárà ló ń béèrè ìbéèrè. Á fà á wò, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á yí i padà wo bí wọ́n ṣe rán inú, á gbé e lé èjìká. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ yẹn kò sí. Ẹ̀yin lẹ ó dáhùn kí ó tó béèrè. Ẹ gbọ́ méjì yìí. Ẹnì kan kọ pé: "Fugu tó rẹwà, ó bá gbogbo ènìyàn mu, ẹ pè fún iye rẹ̀." Ẹnì kejì kọ pé: "Fugu ọkùnrin (batakari, smock), dúdú àti funfun, ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún ní Tamale. Láti abíyá dé abíyá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 64, gígùn rẹ̀ jẹ́ 82. A ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òwú tú díẹ̀ létí apá òsì, ẹ wo àwòrán kẹrin. Ó ń yọ aró nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a fọ̀. 350 sídì, owó ọkọ̀ yàtọ̀." Òótọ́ ni pé ẹni kejì yóò lé àwọn kan sá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ti mọ ohun tó fẹ́ rà, àríyànjiyàn kò sì ní sí nígbà tí ẹrù bá dé. Ti ẹni àkọ́kọ́, ogún ènìyàn á pè é láti béèrè iye, ìkankan kò sì ní rà á.

Aṣọ òkè náà ń fẹ́ irú àlàyé yìí. Ẹ sọ bóyá ẹtù ni, sányán ni, tàbí àlàárì. Ẹ sọ bóyá òwú ni tàbí òwú tó ń dán tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè. Ẹ sọ iye tí fìlà, ìró àti gèlè jẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Gánà lè má mọ̀ pé sányán kì í funfun. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ṣàlàyé fún un.

Fóònù àlòkù: ẹ kọ iye àyè tó wà nínú rẹ̀, bí bátìrì ṣe ń pẹ́ sí, ibi tí ojú rẹ̀ ti sán, àti bóyá ẹ ti yọ orúkọ yín kúrò nínú rẹ̀. Nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀, tí ẹ máa rí bí ẹ bá tẹ *#06#, ẹ má kọ ọ́ sí gbangba, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó wá rà á wò ó pẹ̀lú rìsíìtì. Bí kò bá sí rìsíìtì, tí ẹ kò sì lè sọ ọwọ́ ẹni tí ẹ ti rà á, ẹ má gbé e síbẹ̀ rárá.

Ti òrí ń kọ wá lóminú díẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, ẹ kọ oṣù tí wọ́n ṣe é, ẹ sọ bóyá ó jẹ́ èyí tí wọ́n kò tíì yọ òórùn àti àwọ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ sì sọ pé ó lè yọ́ lọ́nà nígbà ooru March àti April, kí ẹni tó gbà á má bàa rò pé ẹ tàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ pé ó ń wo làkúrègbé tàbí àrùn awọ ara. Òfin ìlera Gánà ti 2012, tí a mọ̀ sí Act 851, fi ọ̀rọ̀ oògùn àti ohun ìpara sábẹ́ àjọ FDA, ìpolówó wọn sì wà nínú rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ti fi òrí wo ẹsẹ̀ ní Ìgbẹ́tì, ìyẹn dára fún ilé, kì í ṣe fún àkọlé.

Ẹ kọ iye owó. Bí ẹ bá gbà kí wọ́n ná an, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Èènì pẹ̀lú kò tíì kú o. Ọṣẹ dúdú kékeré kan nínú ẹrù òrí ń mú ìjẹ́rìí wá ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ó wá di ti orúkọ. Ẹni tuntun kò gbọdọ̀ fi ọjà 5,000 sídì bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ ta nǹkan kéékèèké mẹ́wàá, méjìlá, fún ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì bẹ olúkúlùkù pé kó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kó bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tí ẹrù dé, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Kò gbọdọ̀ ní kí àbúrò rẹ̀ kọ ìjẹ́rìí fún òun. Ìjẹ́rìí mẹ́fà tó wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí gbogbo rẹ̀ ní "ó dára gan-an", ọmọdé pàápàá mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ dáhùn ìpè kíákíá, ẹ sì kọ àkókò tí ẹ kì í dáhùn síbẹ̀, ìbáà jẹ́ Jímọ̀ tàbí Sunday. Nígbà tí ẹ bá kó ẹrù fún dírẹ́bà tó ń lọ Àkrá tàbí Kùmásí, ẹ ya àwòrán ẹrù náà, ìwé ẹrù, àti nọ́mbà ọkọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ó tó béèrè. Èyí nìkan ti tó láti yà yín sọ́tọ̀ kúrò lára ìdajì àwọn tó ń tà.

Ti owó: MoMo ni gbogbo wa ń lò, àti pé owó orí tí wọ́n ń gé lórí rẹ̀ láti May 2022, wọ́n ti pa á rẹ́ ní April 2025, nítorí náà ẹ má fi í kún iye ọjà mọ́. Ẹ má fi ojú ìwé tó wọlé sórí fóònù nìkan gbà pé owó ti dé. Àwọn oníjìbìtì mọ bí a ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ *170#, kí ẹ wo owó yín fúnra yín, kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Àwọn oníbàárà ní Gánà ń bẹ̀rù sákáwá, wọ́n sì ń bẹ̀rù wa. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn Nàìjíríà lórí fóònù, àwọn kan á pa á. Nítorí èyí, àwọn ọmọ wa kan ń fi orúkọ Kofi tàbí Kwame ṣí ojú ewé ìtajà. A mọ ìdí rẹ̀, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó. Nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ san owó, MoMo yóò fi orúkọ tí ẹ fi gba síìmù hàn án. Kofi ló bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, Olúwaṣẹ́gun ló wá rí níbi tí owó ń lọ. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ó máa gbà pé ohun tí wọ́n sọ fún òun nípa wa, òótọ́ ni. Ẹ fi orúkọ yín tà. Ẹni mẹ́wàá lè sá, ẹni kọkànlá tó rà á yóò kọ ìjẹ́rìí sábẹ́ orúkọ tó jẹ́ tiyín, ìjẹ́rìí náà á sì bá yín dé Kùmásí, dé Èkó, dé Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn bàbá wa kò ṣe lè bá wọn lọ ní 1969.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gba àṣẹ láti sọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹgbẹ́ wa kan ń ta àdìrẹ lórí Facebook. Oníbàárà kan ní Kùmásí kọ síbẹ̀ pé aṣọ náà yọ aró ba aṣọ funfun òun jẹ́. Ọmọ ìyá yìí ti fẹ́ fi èébú dá a lóhùn. Ìyá ní kó fi fóònù sílẹ̀. Ohun tí ìyá kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ má bínú, a kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ dá a fọ̀, a ó dá owó yín padà lónìí, láti òní lọ a ó máa kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo àdìrẹ. Owó padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oníbàárà náà kò pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, ó fi ìlà kan kún un pé wọ́n ti dá owó òun padà. Ìyá ní ìlà kan yẹn ni àwọn oníbàárà tuntun ń dárúkọ bí wọ́n bá pè é.

Ojú ewé yìí kan náà ni ọmọ náà fi ta fóònù kan ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Fóònù náà kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba 800 sídì lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹgbẹ́ rán àgbà méjì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a dá owó padà nínú àpò wa, ọmọ náà sì wálé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni náà kọ sábẹ́ ojú ewé náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, kì í sì í ṣe ọmọ náà ni ó bú, "àwọn Lagosian" ni ó kọ. Ìyá kò ta àdìrẹ lórí Facebook mọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ wa fún ẹgbẹ́ ni pé kí a má ṣe dúró fún ẹnikẹ́ni tó bá ń tà lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ kì í yan ọmọ tí yóò ràn lọ́wọ́. Ìpàdé yìí ni yóò pinnu.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ Gánà ní ìwé, òfin GIPC ti 2013, Act 865, fi títa ọjà wẹ́wẹ́ nínú ọjà àti ní ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ Gánà. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ti ìsọ̀ àwọn ènìyàn wa pa ní Kùmásí àti Àkrá ní 2019 àti 2020. Ẹ bi agbẹjọ́rò léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí kí ẹ tó sọ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì di iṣẹ́ gidi.

Ó ku nọ́mbà fóònù. Orúkọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì so mọ́ nọ́mbà kan. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn fi Ghana Card tún síìmù forúkọ sílẹ̀ láti October 2021, àwọn kan jẹ́ kí nọ́mbà wọn kú, ojú ewé wọn sì bá a lọ. Ẹ fi orúkọ ara yín gba síìmù. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé fún ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé, kí ó jẹ́ ẹni tí ẹ lè fi àpótí owó sílẹ̀ fún. Bí ìyá bá sì ń padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọmọ fẹ́ máa bá òwò náà lọ, kí ọmọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ ti yí padà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun wo ohun tí òun kọ kó tó gbé e jáde, kó dúró lẹ́yìn ìpàdé. Kó mú fóònù rẹ̀ wá, kó sì mú ọjà náà gan-an wá pẹ̀lú téèpù tí a fi ń wọn aṣọ.